Láti Orí Ẹ̀rọ Táìpù dé Orí Kọ̀ǹpútà Tísà Dùnní

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára jù láyé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi ṣe, kí ẹ fúnra yín wò ó. N ò ní sọ pé ó dára, n ò sì ní sọ pé kò dára. Ó bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó mi, ó rán àwọn ọmọ mi nílé-ẹ̀kọ́, ó sì ba ẹ̀yìn mi jẹ́, torí orí àpótí kékeré ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo tẹrí ba sórí ẹ̀rọ tí a ti tú ìfun rẹ̀ síta. Bàbá Táìpù ni gbogbo Kàbà ń pè mí títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti gbé ẹ̀rọ táìpù wá bá mi.

Kaduna ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà náà, ara Àríwá ni ìjọba ka àwa Yorùbá Okun mọ́, Kaduna sì ni ọmọ ilé wa tó bá fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń forí lé. Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì, n ò rí. Bàbá kan tó jẹ́ ará Ìsánlú, tó mọ bàbá mi, ló gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ táìpù ṣe. Maigida, ìyẹn baálé, ni àwọn Hausa ń pè é, àwa ọmọṣẹ́ sì gbà á lẹ́nu wọn. Oúnjẹ wà níbẹ̀, owó kò sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Maigida ni ọwọ́ wíwẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kẹrosíìnì la kọ́kọ́ fi ń fọ ọwọ́ kí òróró lè ṣí, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà a óò na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ títí yóò fi gbẹ. A ò gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún, torí òwú tíntìntín inú aṣọ máa ń bọ́ sáàárín àwọn irin tó ń gbé lẹ́tà sókè. Bí a bá ti fọwọ́ tán, Maigida yóò ní ká gbé ìka wá, yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá gbóòórùn kúlíkúlí, ìta lo máa dúró sí nínú oòrùn Kaduna títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ọwọ́ wíwẹ̀ lọ. Ó wò mí. Ó ní, "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ìwọ tí o ò tíì mọ ọ́n wẹ̀, àgbà wo lo fẹ́ bá jẹun?" Ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́.

Òfin rẹ̀ kejì ló le jù. Tí a bá tún ẹ̀rọ ṣe tán, a ò gbọdọ̀ gbé e fún oníǹkan kó máa lọ. Oníǹkan gbọ́dọ̀ jókòó, kó tẹ ìwé kan níwájú wa, ní ọ̀nà tó ń gbà tẹ̀ ẹ́ nílé. Nígbà kan, akọ̀wé kóòtù kan gbé ẹ̀rọ wá, mo sì tún un ṣe, ó ń lọ geere lábẹ́ ìka mi. Inú mi dùn. Àṣé ìka méjì péré ni bàbá náà fi ń tẹ̀wé, tó sì ń gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. Kò tíì parí ìlà kan tí gbogbo irin fi lọ́ mọ́ra. Maigida ò pariwo. Ó bi mí léèrè pé, "Ṣé ìka tìrẹ ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ ni?" Lẹ́yìn náà ó ní kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú oníbàárà, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí bàbá náà sì máa wò mí.

N ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nígbà náà, mo kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tó kú, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú láti bá wọn sin ín. Mo rò pé mo kàn lọ ṣe ojú ayé ni. Nígbà tí wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo sunkún débi pé ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, mo di ẹrù mi, mo padà wálé. Kì í ṣe ìfẹ́ ilé nìkan ló gbé mi. Mo ti rò ó pé ìpínlẹ̀ tuntun á ní ọ́fíìsì tuntun, ọ́fíìsì tuntun á ní ẹ̀rọ táìpù, ẹ̀rọ táìpù á sì bàjẹ́. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Mo ya ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbà, létí ọjà, tó kọjú sí ìsọ̀ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlátúnjí ti ń ta pákó. Láti Lokoja ni wọ́n ti ń kó ẹ̀rọ wá bá mi, láti ilé ìjọsìn, láti kóòtù, láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ní Ìjùmú àti Bùnù. Ọdún dáadáa ni àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Kọ̀ǹpútà dé. N ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kò ní òróró, kò dún bí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, tó bá ṣàìsàn, o ò lè gbọ́ ibi tó ń dùn ún. Àmọ́ ebi kì í gbọ́ pé n ò fẹ́ràn. Mo lọ sí Ilorin, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéré sí àkọ́bí mi. Ó ń pè mí ní Dádì, mo ń pè é ní Ọ̀gá, kò sì sí ẹni tí ìyẹn bí nínú nínú wa.

Jàǹbá kan ṣẹlẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, torí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Obìnrin kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ra kọ̀ǹpútà mélòó kan, ó sì ní kí n wá tò wọ́n sí yàrá kan. Mo sọ fún un pé ká kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tó ń dá agbára iná dúró sójú kan. Ó ní sáà tó ń bọ̀ ni. Àwọn òbí wá wòran, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n ya fọ́tò. Ìgbà òjò ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ti ń fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé han àwọn tísà, iná lọ. A ò tíì dìde tí iná fi padà dé, ó sì dé pẹ̀lú ìbínú. Gílóòbù òkè bẹ́. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ń mu sìgá. Kí n tó fa wáyà yọ, gbogbo wọn ti jóná.  Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dáadáa lára rẹ̀, ó sì ń wo ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì ń ṣe mí títí di báyìí. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ wá fún mi pé kí n wò ó, n kì í béèrè bó ṣe rẹwà tó. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, tí iná bá lọ, tàbí tí iná bá ya wèrè, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?

Ọ̀rọ̀ Tísà Dùnní ló tẹ̀ lé e. Ìkòyí ní Ìjùmú ni ilé wọn, Ọlátúnjí onípákó tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí Dùnní wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni àìsàn gba ojú rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàwé, ó kọ́ táìpù, ó sì di tísà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìyàrá. Orí ẹ̀rọ táìpù ló ti máa ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ tí gbogbo tísà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọmọ. Kò sí akọ̀wé kóòtù tó yá lọ́wọ́ tó o. Ẹnu rẹ̀ náà sì yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó lórí àpótí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Okun o, Bàbá Táìpù," ó kí mi, bí àwa Okun ṣe ń kíra wa.

"Okun o, Dùnní. Ṣé kò sí o?"

 Ó na ìdì ìwé kan sí mi. "Ẹ bá mi wo ohun tó wà níbẹ̀."

Mo wò ó. Mo yí i padà. Mo gbé e sí oòrùn. Ìwé funfun lásán ni, àfi bí o bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan lo tó lè rí ojú ibi tí lẹ́tà ti tẹ ìwé náà wọlé. Ríbọ́ọ̀nù, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún lẹ́tà ní yíǹkì, ti yọ kúrò lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ sáà kan ni Dùnní tẹ̀ láìsí ẹ̀kán yíǹkì kan lójú ìwé, ó sì gbé e fún ìsípẹ́tọ̀ tó wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wò.

"Dùnní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o."

"Ohun tí ìsípẹ́tọ̀ wí náà nìyẹn," ó wí.

Ìsípẹ́tọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní òun á padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. Tí Dùnní bá lè fi ìwé ẹ̀kọ́ tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti kà wò, tó sì ti tún ṣe, hàn án, kò sí wàhálà. Tí kò bá lè ṣe é, wọ́n á mú un kúrò ní kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, kó máa jókòó síbẹ̀.

"Wọn ò ní dá owó oṣù mi dúró," Dùnní wí. "Wọ́n kàn fẹ́ kí n máa jókòó ni, bí àpò gààrí. Ṣé torí ẹ̀ ni mo ṣe kàwé, Bàbá?"  

Mo lè fi ríbọ́ọ̀nù náà kọ́ ibi tó yẹ. Ṣùgbọ́n tó bá tún yọ lọ́la, ẹ̀rọ táìpù ò lẹ́nu tó máa fi sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé ètò kan wà tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tó ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí o bá tẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan tí o bá padà sí. Ẹni tí wọ́n jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti fi dísìkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kọ̀ǹpútà ló kù, irú èyí tí èèyàn ń gbé kiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun á rà á, ó sì ní kí n bá wọn lọ sí Ilorin lọ yàn án.

Olówó ńlá ni Ọlátúnjí, èèyàn dáadáa sì ni. Bí a ti wọ ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé Dùnní jẹ́ ẹrù tí a gbé wá. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan sílẹ̀, ó ń dán bí awò tuntun, síkírìnì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ìdílé kan lè jókòó wò ó. Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tò, èyí ló dáa."

Mo ní kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. A ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tó fi kú. Mo gbé e. Ó wúwo bí iṣu tí wọ́n ń gbé lọ fún àna. Mo gbé e lé Dùnní lórí itan, ó sì ń wá kókó kéékèèké méjì tó máa ń wà lára bọ́tìnnì, èyí tí ẹni tí kò ríran fi ń mọ ibi tí ìka ń gbé. Kò rí i. Ojú bọ́tìnnì náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sílé-ẹ̀kọ́, Bọ̀dá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀pá mi wà lọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì di ọlọ́kadà mú. Ẹ̀yìn mi ló máa pọn eléyìí."

Mo wá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó gbogbo èyí tó ní síta, títí kan èyí tó ń tì í lójú. Dùnní ń fọwọ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ páálí kan, ọwọ́ rẹ̀ ba dúdú kékeré kan. Èèyàn ti jókòó lé e rí. Síkírìnì rẹ̀ ti là, ìdajì rẹ̀ ṣókùnkùn bí ibi tí epo dà sí. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Kókó méjì náà wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ jinlẹ̀, ó ń dáhùn lábẹ́ ìka. A yọ wáyà rẹ̀, a lọ jẹun, a padà dé, kò tíì kú. Mo so ó mọ́ síkírìnì mìíràn kí n lè rí inú rẹ̀, mo ki dísìkì Dùnní bọ̀ ọ́, a sì dúró. Kò pẹ́, ohùn kan jáde. Dùnní tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ohùn náà pè é bí òyìnbó tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún un tẹ̀.

"Èyí kọ́," Ọlátúnjí wí.

"Bọ̀dá, èyí ni."

Ó kọjú sí mi. "Hàbà, Bàbá Táìpù! Ẹ fẹ́ kí n ra nǹkan tó ti là fún àbúrò mi? Kí wọ́n lè máa wí pé torí kò ríran ni mo ṣe kó àlòkù tó bàjẹ́ fún un? Ẹnu ayé lẹbọ o."

N ò dá a lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹnì kan nínú ilé ò bá ríran, gbogbo ìlú ló ń wo bí ará ilé ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Tí aṣọ rẹ̀ bá ya, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ṣùtì sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní aṣọ tó dára jù àti ẹran tó tóbi jù, yálà ó fẹ́ ẹran tàbí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdílé wọn ni.

Dùnní kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ta lẹ ń rà á fún?"

"Ìwọ ni."

"Síkírìnì ńlá tọ̀hún, ta ló máa máa wò ó?"

Ọlátúnjí wo síkírìnì náà. "Àwọn èèyàn."

"Ẹ wá ra tọ̀hún fún àwọn èèyàn, kí ẹ ra èyí fún mi."

Ọkùnrin náà jáde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó sanwó dúdú kékeré náà. Àmọ́ ó ní, "O ò gbọdọ̀ ṣí i níwájú èèyàn o. Nílé ni kó o ti máa lò ó." Dùnní kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbà. Àbúrò kì í bá olórí ilé dúnàádúrà lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ọlidé ló fi kọ́ ọ. Tó bá fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣòro fún ohùn náà, Yorùbá ni kò mọ̀. Gbogbo orúkọ ọmọ kíláàsì ló ń sọ dìdàkudà. Dùnní ní òun ti ń gbọ́ èdè rẹ̀, bí ìyá ṣe ń gbọ́ ti ọmọ tí kò tíì yọ eyín. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Sáà dé, ìsípẹ́tọ̀ dé. N ò sí níbẹ̀, Dùnní ló sọ fún mi, ẹ́dímásítà wọn sì sọ ọ́ bákan náà. Ìsípẹ́tọ̀ ka ìwé ẹ̀kọ́ náà, ó dára. Ó wá béèrè pé, "Ta ló bá yín kà á wò?"

"Èmi ni, sà."

"Báwo lẹ ṣe kà á?"

Ẹ̀rọ náà wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí ó fẹ́ gba Kàbà lọ tẹ ìwé jáde. Dùnní ní òun di síìpù báàgì náà mú, ọwọ́ òun ò sì lọ, kò bọ̀. Tí òun bá ṣí i, òun ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu. Tí òun ò bá ṣí i, ìjókòó ọ́fíìsì nìyẹn. Ó ṣí i.

Ìsípẹ́tọ̀ tẹjú mọ́ síkírìnì. "Tísà, eléyìí ti kú o."

Dùnní yọ okùn tó ń gbé ohùn ẹ̀rọ náà lọ sí etí rẹ̀, ohùn náà sì bú jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú, ó sì jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ó wá ní, "Ẹ sọ ohun tó bá wù yín, sà." Ìsípẹ́tọ̀ sọ gbólóhùn kan. Dùnní tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ kà á, ó gbọ́ pé òun ti ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó padà, ó wá a, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó yẹ síbẹ̀, ẹ̀rọ sì kà á gaara. Ìsípẹ́tọ̀ ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ẹ́dímásítà pé kí wọ́n jẹ́ kí Tísà máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ.

Mo tún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ọjọ́ tó máa jọ yín lójú nínú iṣẹ́ ò pọ̀, ẹ má tan ara yín. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ọ̀kan nínú tèmi.

Láti Ìyàrá, Kàbà ni Dùnní wá tààrà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ọjà ni. Kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n mú òun sọdá sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn tó ń ra pákó pọ̀ níbẹ̀, èrò ọjà sì ń kọjá. Dùnní kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

"Bọ̀dá, mo ti ṣẹ̀ yín. Mo ṣí i níwájú èèyàn."

Ọlátúnjí wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀. "Níwájú ta ni?"

"Ìsípẹ́tọ̀, ẹ́dímásítà, àti gbogbo ọmọ kíláàsì mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n má kúrò ní kíláàsì."

 Ọlátúnjí bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó fa àbúrò rẹ̀ dìde, ó fi í jókòó.

"Gbé e jáde," ó wí. "Ṣí i, kí èmi náà gbọ́."

"Bọ̀dá, èèyàn pọ̀ níbí o."

"Mo rí wọn," Ọlátúnjí wí. "Ṣí i."